Ọkọ̀ Tí Ó Ti Sùn Pẹ́: Bí A Ti Í Wẹ Ọ̀nà Epo Rẹ̀ Mọ́



Ọ̀rọ̀ tí a mú wá ní oṣù yìí lè dàbí ohun àjèjì lójú àwọn kan nínú yín, nítorí pé ọ̀rọ̀ epo àti irin ni. Ṣùgbọ́n ó kan ilé púpọ̀ láàárín wa. Ìlú wo ni ẹ ó dé ní ilẹ̀ wa níbí, tí ẹ kò ní rí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àtijọ́ kan lẹ́yìn ilé, lábẹ́ páànù, tí koríko ti hù yí ẹsẹ̀ rẹ̀ ká? Ti bàbá kan tí ó ti sùn ni, tàbí ti olùkọ́ àgbà kan tí ojú rẹ̀ kò ríran tó láti wà á mọ́. Àwọn ọmọ kò tà á, nítorí pé inú rẹ̀ ni a ti gbé wọn lọ sí ilé-ìwé. Bẹ́ẹ̀ ni wọn kò sì wà á. Ó wà níbẹ̀ ní ọdún mẹ́wàá, ó wà níbẹ̀ ní ọdún márùndínlógún. Ní ọjọ́ kan ẹnìkan yóò wí pé, "Ẹ jẹ́ kí a tún jí i." Wákàtí náà gan-an ni ewu ń wọlé.

Ohun tí a ti fi ojú wa rí ti kọ́ wa pé kì í ṣe oorun gígùn ni ó ń pa irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Fífi ìwàǹwára jí i ni ó ń pa á, nígbà mìíràn a sì máa fẹ́ pa ènìyàn mọ́ ọn.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2021, a sin olùkọ́ àgbà kan tí ó ti fẹ̀yìntì. Ọkọ̀ rẹ̀ ni Volkswagen kékeré nì, tí gbogbo wa mọ̀ sí Ìjàpá nítorí ẹ̀yìn rẹ̀ tí ó rí roboto. Ní ọdún 1977 ni ó rà á ní tuntun, ọ̀kan nínú àwọn tí a tò pọ̀ ní Èkó, níbi tí iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1975. Láti ọdún 2008, tí ojú ti ń dùn ún, kò wà á mọ́. Ó gbé e sí abẹ́ àtíbàbà, ó ti ilẹ̀kùn rẹ̀, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sí abẹ́ ìrọ̀rí.

Nígbà tí ó kú, àwọn ọmọ rẹ̀ pinnu pé Ìjàpá náà ni yóò ṣáájú pósí bàbá wọn lọ sí ilé ìjọsìn. Ìpinnu ìfẹ́ ni, a kò sì bá wọn wí nítorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́ta péré ni ó kù. Wọ́n pe ọ̀dọ́mọkùnrin mẹkáníìkì kan, ẹni tí ó mọ iṣẹ́ ọkọ̀ òde-òní dáradára. Ó fi bátìrì tuntun sí i, ó da lítà mẹ́wàá epo pẹtiróòlù tuntun lé orí èyí tí ó ti wà nínú táǹkì láti ọdún mẹ́tàlá, ó sì yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnnì náà wúkọ́, ó tún wúkọ́, ó sì dìde. Gbogbo agbo ilé pàtẹ́wọ́. Àwa pẹ̀lú pàtẹ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí a jẹ́wọ́ èyí.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìsìnkú, ọkọ̀ náà kò rìn tó ìdajì máìlì. Ó ń fò, ó ń dúró. Akọ́bí tí ó ń wà á sì ń fi ipá tẹ̀ ẹ́. Ní iwájú ibi tí wọ́n ti ń ṣe búlọ́ọ̀kù, ó kú pátápátá. Bí ó ti ń yí kọ́kọ́rọ́ léraléra, òórùn epo gba gbogbo ojú ọ̀nà. Ọmọdébìnrin kan ni ó kọ́kọ́ rí i pé epo ń kán tó, tó, tó lábẹ́ ìdí ọkọ̀. Kí ó tó parí igbe rẹ̀, iná ti sọ. Bí kì í bá ṣe yanrìn àwọn oníbúlọ́ọ̀kù, àti ọwọ́ wọn tí ó yá, pósí méjì ni à bá gbé wọ ilé ìjọsìn ní ọjọ́ náà. Akọ́bí jóná ní apá. Ọkọ̀ náà jóná díẹ̀ ní ẹ̀yìn: àwọn rọ́bà, àwọn wáyà kan, àti ọ̀dà. A fi okùn fà á padà sílé.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́jọ, opó náà ránṣẹ́ pè wá. Ó wí pé, "Àlùfáà wa, mo gbọ́ pé mẹkáníìkì ni bàbá yín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wo ohun tí ó fẹ́ pa ọmọ mi." A dá a lóhùn pé, "Màmá, a ó wò ó." Òtítọ́ ni ohun tí ó gbọ́. Lábẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù ni a ti kọ́kọ́ mọ orúkọ nǹkan, kí a tó mọ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ rárá. Nítorí náà ohun tí a kọ sí ìsàlẹ̀ yìí kì í ṣe àgbọ́sọ. Ọjọ́ Àbámẹ́ta mẹ́rin ni a fi ṣe iṣẹ́ náà. A sì bẹ ọ̀dọ́mọkùnrin mẹkáníìkì nì pé kí ó wá bá wa ṣe é. Ó wá, kò sì pa ọjọ́ kan jẹ.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí epo pẹtiróòlù jẹ́. Kì í ṣe ohun kan ṣoṣo. Àdàlù ọ̀pọ̀ nǹkan ni, òmíràn fẹ́rẹ̀, òmíràn wúwo. Àwọn tí ó fẹ́rẹ̀ ni ó ń mú kí ẹ́ńjìnnì tètè gbiná, àwọn náà ni ó sì kọ́kọ́ ń fò lọ. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ooru ilẹ̀ wa, afẹ́fẹ́ ti ń ba ìyókù jẹ́: ó ń ki, ó ń pọ́n, ó sì ń di oje bí oje ara igi. Òórùn rẹ̀ yóò yí padà pẹ̀lú. Kì yóò rùn bí epo mọ́, bí ọ̀dà tí ó ti kan ni yóò máa rùn. Ẹni tí ó bá ti ka òwe àwọn wúńdíá mẹ́wàá mọ̀ pé àwọn ọlọ́gbọ́n inú wọn tọ́jú òróró sínú kólòbó. Ṣùgbọ́n òróró ólífì ni a ń lò nínú fìtílà ní ilẹ̀ wọn, èyí tí ó lè dúró de ọkọ ìyàwó. Pẹtiróòlù kò ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀.

Ọ̀tá kejì ni omi. Táǹkì tí epo kò kún, afẹ́fẹ́ ni ó kún ìyókù rẹ̀. Ọ̀sán a máa gbóná, òru a máa tutù. Bí ìrì ti ń sẹ̀ sára koríko, bẹ́ẹ̀ ni ó ń sẹ̀ sára irin inú táǹkì. Omi wúwo ju epo lọ, nítorí náà a máa wọ́ lọ sí ìsàlẹ̀ níbi tí ojú kò ti rí i, níbẹ̀ ni yóò sì ti máa jẹ irin títí yóò fi di ìpáàrà. Nígbà tí a bá da epo tuntun lé e lórí, a kò fọ nǹkan kan. A kàn ro ìdọ̀tí náà pọ̀ ni, a sì fún un ní ẹsẹ̀ láti rìn.

Ibo ni yóò rìn dé? Nínú Ìjàpá, iwájú ni táǹkì wà, lábẹ́ bónẹ́ẹ̀tì, níbi tí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ń gbé ẹ́ńjìnnì sí. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì tirẹ̀ wà. Táǹkì náà a máa gba nǹkan bí 40 lítà. Láti ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ti gba agbede-méjì ọkọ̀ kọjá, láàárín ìjókòó méjèèjì, títí dé ẹ̀yìn. Ní orí ọ̀pá yìí níhìn-ín àti lọ́hùn-ún ni rọ́bà kúkúrú wà. Pọ́ǹpù kan, tí ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ń tẹ̀, ni ó ń fa epo tí ó sì ń tì í gòkè sí kabúrétọ̀, níbi tí epo àti afẹ́fẹ́ ti ń pàdé kí wọ́n tó wọ inú iná. Ẹ kíyè sí i pé táǹkì ga ju pọ́ǹpù lọ. Bí rọ́bà ẹ̀yìn bá já, epo kò ní dúró de ẹnikẹ́ni láti fà á. Fúnra rẹ̀ ni yóò máa ṣàn wá bá ẹ́ńjìnnì gbígbóná. Èyí tí ó tún burú jù ni pé àgbá ẹ́ńjìnnì náà jẹ́ irin fífúyẹ́ tí a ń pè ní màgnísíọ̀mù, irin tí ó jẹ́ pé bí ó bá gbiná tán, omi kì í pa á, ńṣe ni omi ń ru ú sókè. Ìdí rẹ̀ nìyí tí a fi ń dúpẹ́ títí di òní pé yanrìn ni ó wà nítòsí ní ọjọ́ náà, tí kì í ṣe kànga.

Kí a tó fọwọ́ kan sípánà, a ti ọkọ̀ náà jáde sí gbangba, a tú bátìrì rẹ̀, a gbé garawa yanrìn méjì àti agolo apaná oníyẹ̀fun kan kalẹ̀. A lé àwọn tí ń mu sìgá sẹ́yìn. A sì bẹ ìyá kan tí ó ń dín àkàrà ní ẹnu ọ̀nà pé kí ó gbé ààrò rẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ àdúgbò títí di ìrọ̀lẹ́. Àwọn kan rẹ́rìn-ín pé ààrò náà ti jìnnà tó. Ṣùgbọ́n èémí epo kì í gòkè bí èéfín. Ó wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Ilẹ̀ ni í máa rá lọ bí ejò, títí yóò fi bá iná pàdé, yóò sì mú iná náà padà wá sí ibi tí ó ti wá. Ìyá aláàkàrà náà gbọ́, ó sì lọ. Àkàrà rẹ̀ ni gbogbo wa jẹ ní ọ̀sán.

Ẹnìkan mú rọ́bà wá, ó fẹ́ fi ẹnu fa epo jáde nínú táǹkì. A gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Àṣà yìí ti pọ̀ jù láàárín àwọn awakọ̀ wa, pẹ̀lú ìbínú díẹ̀ ni a sì fi ń sọ ọ́: bí epo bá ṣì ọ̀nà gbà wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, ìwọ̀nba díẹ̀ nínú rẹ̀ lè pa ènìyàn. Ẹni tí ó bá ṣèèṣì gbé e mì, ẹ má ṣe mú kí ó bì í, ẹ má sì ṣe fún un ní epo pupa mu gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbà ti máa ń ṣe, nítorí pé bí ó ti ń bì í ni yóò tún gba ibẹ̀ wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ kíákíá.

A tú rọ́bà abẹ́ táǹkì, a sì jẹ́ kí epo náà ṣàn sínú agolo irin. A bu díẹ̀ nínú rẹ̀ sínú ìgò, a gbé ìgò náà kalẹ̀. Nígbà tí ó silẹ̀ tán, ó pín sí mẹ́ta: epo pípọ́n lókè, omi láàárín, ẹrẹ̀ pupa nísàlẹ̀. Akọ́bí, tí a fi aṣọ dì ní apá, gbé ìgò náà sókè sí oòrùn, ó wò ó pẹ́, kò sì sọ̀rọ̀.

Irú epo bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí à ń dà sí gọ́tà, nítorí kànga àwọn aládùúgbò. Kí a má sì ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á láti fi lú kẹrosíìnì. Ẹ̀yin fúnra yín mọ ohun tí àtùpà tí pẹtiróòlù wọ inú rẹ̀ ti ṣe ní ilé púpọ̀. A dé e pa, a kọ ohun tí ó jẹ́ sí i lára, a sì fi fún àwọn tí ń gba epo ìdọ̀tí lọ́wọ́ àwọn mẹkáníìkì.

Bóòtù mẹ́rin ni ó di táǹkì mú. A yọ ọ́, a sì fi tọ́ọ̀ṣì wo inú rẹ̀. A kò fi ìṣáná wò ó. Ẹ má rẹ́rìn-ín, àwọn kan ti ṣe bẹ́ẹ̀. Táǹkì tí ó ṣófo léwu ju èyí tí ó kún lọ, nítorí pé èémí epo àti afẹ́fẹ́ ti dàpọ̀ nínú rẹ̀, wọ́n sì ń dúró de iná. Nítorí náà, bí táǹkì bá lu, kí ẹ má ṣe gbé e lọ bá àwọn tí ń fi iná jó irin bí ẹni gbé ìkòkò lọ bá alágbẹ̀dẹ.

Inú rẹ̀ pupa bí ilẹ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ. A fi omi ọṣẹ fọ̀ ọ́ títí òórùn epo fi dínkù. A da òkúta wẹ́wẹ́ sí i, a sì ń mì í, ẹni méjì lẹ́ẹ̀kan, bí ẹni ń ju ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, títí èyí tí ó ti ṣí nínú ìpáàrà náà fi jáde. A da òkúta náà nù, a sì kà á kí ọ̀kan má ṣe kù sínú. Ìyókù lẹ̀ mọ́ irin. Àwọn ìyá wa mọ̀ pé ọsàn wẹ́wẹ́ ni a fi ń fọ idẹ kí ó lè dán. Kíkan inú ọsàn náà ni ó tún ń tú ìpáàrà kúrò lára irin. Ṣùgbọ́n apẹ̀rẹ̀ ọsàn mélòó ni yóò kún táǹkì 40 lítà? A ra ìyẹ̀fun kíkan nì tí a ń pè ní sítíríìkì ásíìdì, èyí tí àwọn tí ń ṣe ohun mímu ń lò. A pò kílò méjì rẹ̀ mọ́ omi gbígbóná, a dí ojú ihò ìsàlẹ̀, a sì jẹ́ kí ó kún títí di ọjọ́ kejì. A kò dé ojú òkè pinpin, nítorí pé afẹ́fẹ́ kan a máa jáde nígbà tí kíkan bá ń jẹ irin, òun náà sì lè gbiná. Ọtí kíkan lè ṣe iṣẹ́ yìí pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ó lọ́ra.

Ní ọjọ́ kejì, lẹ́yìn ìsìn, irin náà ti funfun. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń pàdánù làálàá wọn. Irin tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ dàbí ọmọ tuntun, kò ní ohun tí ó dáàbò bò ó. Bí a bá fi í sílẹ̀ ní títutù, kí a tó jẹun tán yóò ti tún máa pọ́n. A fi omi sódà ṣan kíkan náà kúrò, a fi omi mímọ́ ṣàn án, a sì gbé e lọ bá fọ́kànáísà lójú ẹsẹ̀, ẹni tí ó fi ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ rẹ̀ fẹ́ ẹ gbẹ. Lẹ́yìn èyí ni a da pẹtiróòlù díẹ̀ tí a fi epo ẹ́ńjìnnì lú sínú rẹ̀, a yí i káàkiri kí ó fi ra gbogbo ara, a sì tún dà á jáde. Àwọn kan a máa fi ọ̀dà àkànṣe kun inú táǹkì. Àwa kò fẹ́ràn rẹ̀. Bí kò bá lẹ̀ dáradára, ní ọjọ́ tí ó bá bó, ìdọ̀tí tí ó burú ju ti ìṣáájú lọ ni.

Táǹkì gbọ́dọ̀ mí. Ọ̀nà kékeré kan wà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ inú rẹ̀ bí epo ti ń lọ. Bí ọ̀nà náà bá dí, epo yóò dẹ́kun láti ṣàn, a ó sì máa dá ẹ̀bi fún pọ́ǹpù lásán. Nínú ti olùkọ́ àgbà wa, agbọ́n ti fi amọ̀ kọ́lé sí i. Ẹ̀rọ fọ́kànáísà náà ni a fi fẹ́ ọ̀pá gígùn tí ó gba àárín ọkọ̀. Omi pupa jáde, lẹ́yìn náà ekuru, lẹ́yìn náà kò sí nǹkan kan mọ́.

Nínú pọ́ǹpù, asẹ́ kékeré kan wà tí ọ̀pọ̀ awakọ̀ kò mọ̀ pé ó ń bẹ. Oje ti bò ó bí àwọ̀. Awọ rọ́bà pẹlẹbẹ tí ń sọ̀ kalẹ̀ tí ń gòkè nínú pọ́ǹpù náà sì ti sán. Ẹ fi ọkàn sí èyí: bí awọ yìí bá sán, kì í ṣe pé epo kò ní gòkè nìkan ni, epo náà lè máa kán sínú epo ẹ́ńjìnnì, yóò sì sọ ọ́ di omi lásán, tí irin yóò fi máa jẹ irin. A fa ọ̀pá tí a fi ń wọn epo ẹ́ńjìnnì yọ, a gbóòórùn rẹ̀: pẹtiróòlù ni. A da lítà méjì àbọ̀ náà nù pátápátá, a sì fi tuntun sí i.

Nígbẹ̀yìn a dé kabúrétọ̀, ibẹ̀ ni a sì ti rí ohun tí ó fẹ́ pa ọmọ náà. Nínú kabúrétọ̀ ni ọpọ́n kékeré kan wà tí epo ń dúró sí, àti ohun kan tí ń léfòó lórí epo náà. Bí epo bá kún tó, ohun tí ń léfòó yìí yóò gòkè, yóò sì ti abẹ́rẹ́ kan mọ́ ojú ihò kí epo má wọlé mọ́. Gẹ́gẹ́ bí ìgbà tí ènìyàn fi ìka dí ẹnu ìgò ni. Nínú Ìjàpá yìí, èérún ìpáàrà kan, tí kò tó hóró iyọ̀, há sí ẹ̀gbẹ́ abẹ́rẹ́ náà, oje sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibẹ̀. Ihò náà kò dí. Bí a ti ń yí kọ́kọ́rọ́ ni pọ́ǹpù ń tì í, tí epo ń kún, tí ó ń ṣàn kọjá sórí ẹ́ńjìnnì. Ibi tí iná ti ń ta fún àwọn púlọ́ọ̀gì kò sì jìnnà sí i. Ọ̀dọ́mọkùnrin mẹkáníìkì gbé èérún náà sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó wí pé, "Bàbá, nítorí èyí nìkan?" A dá a lóhùn pé nítorí èyí nìkan ni.

A tú kabúrétọ̀ náà palẹ̀, a rẹ gbogbo irin rẹ̀ sínú omi tí a fi ń fọ oje, a sì fẹ́ afẹ́fẹ́ gba inú ihò kọ̀ọ̀kan. Ẹ má ṣe ki wáyà bọ àwọn ihò wẹ́wẹ́ inú rẹ̀. Idẹ rírọ̀ ni wọ́n. Bí wáyà bá fẹ̀ wọ́n díẹ̀, ọkọ̀ náà yóò máa mu epo ju bí ó ti yẹ lọ. Ẹ tún fi ọwọ́ mi ọ̀pá idẹ kékeré tí epo ń gbà wọ kabúrétọ̀. Wọ́n kàn tẹ̀ ẹ́ wọ ibẹ̀ ni nígbà tí wọ́n ń ṣe é. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀ a máa mì, nígbà mìíràn a sì máa yọ sórí ẹ́ńjìnnì lójú ọ̀nà.

Ní ti rọ́bà, kí ẹ má ṣe dá ọ̀kan sí, bí ó tilẹ̀ dán lójú. Àbúrò akọ́bí, tí ó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, ni ó fi tuntun ránṣẹ́. Ó sọ fún wa pé láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021 ni epo tí ó wọ́pọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti lè ní ọtí nínú dé ìdá kan nínú mẹ́wàá, àti pé àwọn tí ó ní ọkọ̀ àtijọ́ níbẹ̀ ń kígbe, nítorí pé rọ́bà ayé àtijọ́ kò lè gba ọtí náà mọ́ra, a máa wú, a sì máa sán. (Ní Brésíìlì, níbi tí Ìjàpá ti ń jẹ́ Fusca, ọtí náà ti ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ.) Rọ́bà tí ó rán ní àmì SAE J30 R9 lára. Ẹni tí ó bá fẹ́ ra rọ́bà epo, kí ó wá àmì yìí; èyí tí a gé lára ike aláwọ̀ funfun ní ọjà kò yẹ fún iṣẹ́ yìí. A fi kílíìpù di gbogbo rẹ̀. A sì fi asẹ́ tuntun kan há ọ̀nà epo níwájú, lábẹ́ táǹkì, kì í ṣe lókè ẹ́ńjìnnì níbi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbé e sí kí ó lè rọrùn láti rí. Asẹ́ ike tí ó bá sán lókè ẹ́ńjìnnì, iná ni.

A da lítà márùn-ún sínú táǹkì, a kò sì yí kọ́kọ́rọ́. A tẹ́ ìwé ìròyìn funfun sí abẹ́ gbogbo oríkèé, a jókòó fún wákàtí kan. Oríkèé kan rin ín. A tún un dì, a sì tún jókòó fún wákàtí mìíràn. Àwọn ọmọ náà ti ń rẹ̀. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ni a wí fún wọn, ṣùgbọ́n òtítọ́ ni pé ó ti rẹ àwa náà. Nígbà tí ìwé gbẹ níbi gbogbo, a tú wáyà iná kúrò kí ohunkóhun má ṣe ta, a jẹ́ kí bátìrì yí ẹ́ńjìnnì títí pọ́ǹpù fi gbé epo dé kabúrétọ̀, a tún yẹ ibẹ̀ wò, a so wáyà padà. Akọ́bí kọ̀ láti yí kọ́kọ́rọ́. Màmá ni ó yí i. Ó dìde ní ẹ̀ẹ̀kejì, láìwúkọ́. Ní ọjọ́ náà, kò sí ẹni tí ó pàtẹ́wọ́. Ìdí ọkọ̀ ni gbogbo wa ń wò.

Èyí jẹ́ ní ìparí oṣù Kìíní ọdún 2022. Ní oṣù Kejì tí ó tẹ̀lé e, ìròyìn jáde pé epo tí a kó wọ ilẹ̀ wa ní mẹ́tánọ́ọ̀lù nínú ju ìwọ̀n tí a fi lélẹ̀ lọ. Irú ọtí kan ni mẹ́tánọ́ọ̀lù; a máa fa omi mọ́ra, a máa jẹ rọ́bà, a sì máa jẹ irin fífúyẹ́. Ọkọ̀ púpọ̀ bàjẹ́ kí a tó kó epo náà kúrò, ìlà sì gùn ní ilé epo. A ránṣẹ́ sí Màmá pé kí Ìjàpá má ṣe jáde, kí wọ́n má sì fi ẹ̀kún kan kún epo inú rẹ̀ títí wàhálà náà yóò fi kọjá. Ó gbọ́.

Láti ìgbà náà, ìlànà rẹ̀ kò le. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kejì-kejì, wọ́n ń wà á dé ọ̀nà oko kí ó lè gbóná dáradára. Kí a kàn jí i kí a sì pa á nínú ọgbà kò tó. Bí yóò bá dúró ju oṣù kan tàbí méjì lọ, táǹkì gbọ́dọ̀ kún dé ẹnu kí ìrì má rí ibi sẹ̀ sí. Bí yóò bá dúró di ọdún, kí a fa gbogbo epo rẹ̀ jáde, kí ẹ́ńjìnnì sì jó ìyókù inú kabúrétọ̀ tán, nítorí pé ibi tí epo kò sí, oje kò lè sí níbẹ̀.

Ní ìgbà àkọ́kọ́ tí a yọ asẹ́ abẹ́ táǹkì, lẹ́yìn oṣù kan, ó pọ́n. Ní ìgbà kejì, ó ní ekuru pupa díẹ̀. Ní ìgbà kẹta, ní oṣù Kẹfà, a fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ sórí aṣọ funfun, kò sì fi àmì sílẹ̀. Màmá béèrè bóyá kí a dá èyí padà, nígbà tí ó ti mọ́. A fi tuntun sí i síbẹ̀síbẹ̀, ó sì gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ wa, ó mú un wọlé lọ sí abẹ́ ìrọ̀rí.